Mọ́nítọ̀ kan, kíbọ́ọ̀dù kan, máòsì kan, kọ̀ǹpútà méjì: bí ẹ ṣe lè pín wọn lò

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn òǹkàwé. Ẹnì kan ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ibi iṣẹ́ tún gbé láptọ́ọ̀pù fún un, kò sì fẹ́ kí mọ́nítọ̀ méjì àti kíbọ́ọ̀dù méjì gba gbogbo orí tábìlì. Ó fẹ́ jókòó sójú kan, kó tẹ nǹkan kan, kí ọwọ́ àti ojú rẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà kejì. Ó ṣeé ṣe, kò sì le. Ohun tó ń jẹ́ kí owó ṣòfò ni pé wọ́n máa ń sáré ra ẹ̀rọ kí wọ́n tó yẹ ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ wọn wò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdajì ohun tí wọ́n fẹ́ rà ti wà níbẹ̀.

Nǹkan méjì la fẹ́ pín, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sì yàtọ̀ síra. Àwòrán ń jáde láti inú kọ̀ǹpútà lọ sí mọ́nítọ̀: wáyà HDMI, DisplayPort, USB-C tàbí VGA ló ń gbé e. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ń gba USB tàbí Bluetooth wọlé sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ máa ro ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tó bá yanjú ti àwòrán, tó tún yanjú ti USB, ti parí iṣẹ́.

## Kí ẹ tó ra ohunkóhun

Ẹ yí mọ́nítọ̀ padà, ẹ tan iná fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀.

- Ihò àwòrán mélòó ló ní? HDMI fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ, igun rẹ̀ méjèèjì nísàlẹ̀ ni wọ́n gé. Igun kan ṣoṣo ni wọ́n gé lára DisplayPort. VGA ní ihò wẹ́wẹ́ 15 ní ìlà mẹ́ta. USB-C kéré, etí rẹ̀ méjèèjì sì rí roboto.
- Ṣé ihò USB-B wà níbẹ̀? Òun ni èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní igun mẹ́rin, irú tó máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bó bá wà, mọ́nítọ̀ yín lè gba kíbọ́ọ̀dù àti máòsì mọ́ra fúnra rẹ̀.
- Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Bí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bá ní káàdì gíráfíìsì, ihò tó wà lára káàdì náà ni kí ẹ kà, kì í ṣe ti motherboard (pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà) tó wà lókè rẹ̀.
- Ìwọ̀n àwòrán mọ́nítọ̀ náà: 1920 × 1080, 2560 × 1440, àbí 3840 × 2160 tí wọ́n ń pè ní 4K? Hz mélòó (iye ìgbà tó ń tún àwòrán yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) ló sì ń lò?
- Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì: oníwáyà ni, oní-dongle (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki bọ ihò USB fún èyí tí kò ní wáyà) ni, àbí ti Bluetooth?

Ìkìlọ̀ kan nípa USB-C, nítorí òun ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù: kì í ṣe gbogbo ihò USB-C ló ń gbé àwòrán jáde. Òmíràn wà fún gbígba iná àti fáìlì nìkan. Ẹ wò ó bóyá àmì DisplayPort tàbí àmì mọ̀nàmọ́ná Thunderbolt wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà. Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ wá orúkọ láptọ́ọ̀pù náà lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ "DisplayPort Alt Mode" síbẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ lo HDMI rẹ̀.

Ẹ wá fi ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ mú ọ̀nà:

- Mọ́nítọ̀ ní ihò àwòrán méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀nà kìíní.
- Ihò kan ṣoṣo ló ní, tàbí ẹ fẹ́ kí bọ́tìnnì kan yí ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀nà kejì.
- Ẹ kì í lo kọ̀ǹpútà kejì púpọ̀, orí nẹ́tíwọ̀kì kan náà ni wọ́n sì wà: ọ̀nà kẹta.

## Ọ̀nà kìíní: wáyà àwòrán méjì àti swíìṣì USB

Bí mọ́nítọ̀ yín bá gbà á, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ti ibí yìí bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, àwòrán kò gba inú ẹ̀rọ kankan kọjá kó tó dé mọ́nítọ̀, nítorí náà kò sí ohun tí yóò dín 4K tàbí 144 Hz yín kù.

Ohun tí ẹ nílò:

- wáyà àwòrán méjì, ọ̀kan fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan
- swíìṣì USB kan tó ń gba kọ̀ǹpútà méjì, tó sì ní ihò méjì sí mẹ́rin fún kíbọ́ọ̀dù, máòsì àti nǹkan mìíràn
- wáyà USB méjì láti ara swíìṣì náà lọ sí àwọn kọ̀ǹpútà (ẹ yẹ páálí rẹ̀ wò, òmíràn kì í ní in nínú)

Ìgbésẹ̀:

1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà méjèèjì. HDMI àti DisplayPort kò bínú bí ẹ bá ki wọ́n nígbà tí iná wà, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti mọ ibi tí ìṣòro wà bí ẹ bá ń tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.
2. Ẹ so kọ̀ǹpútà tó nílò àwòrán tó dára jù mọ́ ihò tó lágbára jù lára mọ́nítọ̀. Lára ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ tó ń sáré ju 60 Hz lọ, DisplayPort ló máa ń gbé Hz tó ga jù.
3. Ẹ so kọ̀ǹpútà kejì mọ́ ihò tó kù.
4. Ẹ fi wáyà USB kan so swíìṣì mọ́ kọ̀ǹpútà kìíní, kí ẹ fi ekejì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kejì. Wọ́n sábà máa ń kọ 1 àti 2, tàbí A àti B, sára swíìṣì náà.
5. Ẹ ki kíbọ́ọ̀dù àti máòsì bọ àwọn ihò tó kù lára swíìṣì.
6. Ẹ tan kọ̀ǹpútà kìíní nìkan. Ẹ lọ sínú mẹ́nù mọ́nítọ̀, níbi tí wọ́n kọ Input tàbí Source sí, kí ẹ mú ihò rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé àwòrán hàn, pé kíbọ́ọ̀dù sì ń kọ̀wé.
7. Ẹ tan ekejì, ẹ tẹ swíìṣì, ẹ yí Input padà, kí ẹ tún dán an wò.
8. Nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀ kan náà, ẹ pa Auto Input tàbí Auto Source.
9. Ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan ní ìdí méjèèjì, kí ẹ kọ orúkọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i.

Ìgbésẹ̀ 8 ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Bí Auto bá wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò á pa ojú rẹ̀ dé fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan, bóyá nígbà tó ń tún ara rẹ̀ tàn, mọ́nítọ̀ á sì fò lọ sọ́dọ̀ ekejì kí ẹ tó ka ohun tó kọ sójú. Ẹni tó fẹ́ wọ BIOS (ojú ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń hàn kí Windows tó bẹ̀rẹ̀) kì í rí i rárá.

Láti ìgbà náà lọ, títẹ̀ méjì ni: swíìṣì fún ọwọ́, bọ́tìnnì mọ́nítọ̀ fún ojú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bọ́tìnnì mọ́nítọ̀ yín bá wà lábẹ́ níbi tí ọwọ́ kì í dé dáadáa, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ẹ tó dé HDMI, ó máa sú yín láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

### Bí ẹ ṣe lè yọ títẹ̀ kejì kúrò

Kọ̀ǹpútà lè sọ fún mọ́nítọ̀ pé kó yí ihò padà. Wáyà àwòrán kan náà ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà lọ, orúkọ ọ̀nà yẹn sì ni DDC/CI. Ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ ló ní in.

1. Nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀, ẹ wá DDC/CI, kí ẹ tàn án.
2. Lórí Windows, ẹ lo ControlMyMonitor láti NirSoft. Lórí Linux, ẹ fi ddcutil sórí ẹ̀rọ.
3. Ẹ wá kóòdù 60. Òun ló ń ṣojú ihò àwòrán. Lórí Linux, `ddcutil capabilities` á to àwọn nọ́ńbà tí mọ́nítọ̀ yín mọ̀ sílẹ̀.
4. Àwọn nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ ni 0x0f fún DisplayPort kìíní, 0x11 fún HDMI kìíní, 0x12 fún HDMI kejì. Ẹ dán an wò báyìí: `ddcutil setvcp 60 0x11`.
5. Bí mọ́nítọ̀ bá fò lọ sí ihò tí ẹ fẹ́, ẹ so àṣẹ náà mọ́ àpapọ̀ bọ́tìnnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù.
6. Ẹ ṣe ohun kan náà lórí kọ̀ǹpútà kejì, kí òun náà lè dá mọ́nítọ̀ padà.

Ẹ má fo ìgbésẹ̀ 6. Àwọn mọ́nítọ̀ kan kì í gbọ́ràn sí kọ̀ǹpútà tí àwòrán rẹ̀ kò sí lójú wọn, nítorí náà èyí tó wà lójú ló gbọ́dọ̀ fa ojú fún ekejì. Àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ń lo nọ́ńbà tiwọn. Bí 0x11 kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ fi bọ́tìnnì mọ́nítọ̀ yí ihò padà, kí ẹ wo nọ́ńbà tí kóòdù 60 yí sí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ó parí pátápátá, ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ display-switch, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ó ń ṣọ́ USB. Tí ẹ bá tẹ swíìṣì, tí kíbọ́ọ̀dù sì kúrò lára kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí ara ekejì, ó rí i, ó sì yí ihò mọ́nítọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ ẹ̀ẹ̀kan, ohun gbogbo yí. Iṣẹ́ KVM olówó ńlá, àpótí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà kejì, lẹ fi swíìṣì USB lásán ṣe yẹn.

## Ọ̀nà kejì: KVM

KVM jẹ́ àpótí kékeré tó ń yí kíbọ́ọ̀dù, àwòrán àti máòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà méjèèjì wọnú rẹ̀, mọ́nítọ̀ kan jáde. Ó dára gan-an bí ẹ bá ra èyí tó yẹ. Èyí tí kò yẹ á máa ṣe yín ní wàhálà lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ níbi rírà rẹ̀ ju ibi síso rẹ̀ lọ.

### Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kà lára páálí rẹ̀

Irú ihò. Ẹ ra èyí tí ihò rẹ̀ bá ti kọ̀ǹpútà méjèèjì àti ti mọ́nítọ̀ mu. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo adáptà, ẹ rántí pé apá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Adáptà tó ń gba àwòrán láti inú DisplayPort kọ̀ǹpútà lọ sí HDMI mọ́nítọ̀ kò lè ṣe òdìkejì rẹ̀. Láti HDMI lọ sí DisplayPort, ẹ nílò adáptà tó ní agbára àti yí àwòrán padà, tó sì sábà máa ń gba iná láti USB.

4K àti Hz. HDMI 1.4 ń gbé 4K, ṣùgbọ́n ní 30 Hz ni. Ọ̀pọ̀ KVM ló kọ "4K" gàdàgbà síwájú, tí 30 Hz sì wà ní lẹ́tà kékeré lẹ́yìn. Ní 30 Hz, ẹ fa máòsì kọjá lójú mọ́nítọ̀, ẹ ó rí i pé ọfà rẹ̀ ń já jíjá lójú ọ̀nà, kò sì lè bá ọwọ́ yín rìn. Fún 4K ní 60 Hz, ẹ wá HDMI 2.0 tàbí DisplayPort 1.2 sókè. Fún 4K ní 120 Hz, DisplayPort 1.4 tàbí HDMI 2.1.

EDID. Òun ni ìwé ìdánimọ̀ tí mọ́nítọ̀ ń fi han kọ̀ǹpútà: ìwọ̀n tí mo lè gbé nìyí, Hz mi nìyí. Bí KVM kò bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní EDID emulation, bí ẹ bá ṣe yí kúrò lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà kan báyìí, lójú tirẹ̀ ẹnì kan ti fa mọ́nítọ̀ yọ. Ẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo fèrèsé tí ẹ tò sí ibi tí ẹ fẹ́ ti kóra jọ sí igun kan, òmíràn ti fún pọ̀, áíkọ́ọ̀nù sì ti yí ipò padà. Tó bá le jù, àwòrán á já wálẹ̀ sí 1024 × 768. Ẹ má gbójú fo ọ̀rọ̀ yìí lára páálí.

Ihò USB. KVM kan máa ń ní irú méjì. Àkọ́kọ́ ni ihò tó ń ṣe bíi kíbọ́ọ̀dù níwájú kọ̀ǹpútà méjèèjì nígbà gbogbo. Yíyí rẹ̀ yára, òun ló sì ń gbọ́ àpapọ̀ bọ́tìnnì. Ìkejì ni ihò USB lásán. Kíbọ́ọ̀dù tó ní iná àwọ̀, máòsì tó ní bọ́tìnnì púpọ̀ àti dongle lè máa ṣe ségesège nínú irú àkọ́kọ́. Bí bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ máòsì yín kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e lọ sí ihò USB lásán.

Iná tirẹ̀. Ihò USB 2.0 kọ̀ǹpútà ń fúnni ní 500 mA, USB 3.0 sì ń fúnni ní 900 mA. Bí ẹ bá fẹ́ so kámẹ́rà, gbohùngbohùn àti nǹkan mìíràn mọ́ KVM, ẹ ra èyí tó ní adáptà iná tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń yí i. Bọ́tìnnì orí àpótí, bọ́tìnnì kékeré oníwáyà tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ abẹ́ tábìlì, tàbí àpapọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni títẹ Scroll Lock lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù kékeré kò ní Scroll Lock mọ́, nítorí náà ẹ wò ó bóyá ẹ lè fi Ctrl tàbí Caps Lock rọ́pò rẹ̀.

### Síso rẹ̀

1. Ẹ pa kọ̀ǹpútà méjèèjì àti mọ́nítọ̀.
2. Ẹ so mọ́nítọ̀ mọ́ ihò tí wọ́n kọ OUT tàbí Console sí. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń ṣì ṣe jù ni pé wọ́n á ki wáyà mọ́nítọ̀ sínú ihò kọ̀ǹpútà.
3. Ẹ ki kíbọ́ọ̀dù àti máòsì sínú ihò tiwọn.
4. Ẹ so kọ̀ǹpútà kìíní: wáyà àwòrán rẹ̀ àti wáyà USB rẹ̀, méjèèjì sí nọ́ńbà kan náà. Bí àwòrán bá wọ 1 tí USB wọ 2, ẹ ó máa wo kọ̀ǹpútà kan, ẹ ó sì máa tẹ̀wé sínú ekejì. Ẹ lè tẹ pásíwọ́ọ̀dù sínú lẹ́tà ẹlòmíràn báyẹn.
5. Ẹ so kọ̀ǹpútà kejì.
6. Bí KVM bá ní adáptà iná, ẹ so ó báyìí.
7. Ẹ tan mọ́nítọ̀, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà kìíní, ẹ dúró kó tàn tán, kí ẹ tó yí lọ tan ekejì.
8. Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, System, Display, Advanced display, kí ẹ wo Hz tó wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè mú 30 tàbí 60 fúnra rẹ̀ nígbà tí mọ́nítọ̀ lè ṣe 144.

Wáyà kúkúrú ló dára. Ẹ fi sọ́kàn pé KVM ti pín ọ̀nà àwòrán sí méjì: láti kọ̀ǹpútà dé àpótí, àti láti àpótí dé mọ́nítọ̀. Fún 4K ní 60 Hz, ẹ má jẹ́ kí apá kọ̀ọ̀kan kọjá mítà méjì, kí ẹ sì lo wáyà tuntun tó dára. Wáyà HDMI àtijọ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tààrà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá fi KVM sáàárín.

### Mọ́nítọ̀ tó ní KVM nínú

Bí mọ́nítọ̀ yín bá ní USB-C àti USB-B pẹ̀lú HDMI tàbí DisplayPort, ẹ yẹ mẹ́nù rẹ̀ wò bóyá ẹ ó rí KVM níbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù á gba USB-C: àwòrán, USB àti iná gbígbà, wáyà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì á gba DisplayPort fún àwòrán, USB-B fún ọwọ́. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì á wọ ara mọ́nítọ̀. Nínú mẹ́nù, ẹ so USB-B mọ́ DisplayPort, ẹ so USB-C mọ́ ara rẹ̀, ó parí. Wọ́n máa ń kọ Watt tí USB-C rẹ̀ ń fúnni sára rẹ̀, bíi 65 W tàbí 90 W. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má yọ ṣájà rẹ̀.

## Ọ̀nà kẹta: láìra nǹkan kan

Bí kọ̀ǹpútà kejì kò bá ju kí ẹ wo lẹ́tà, kí ẹ kọ ìwé tàbí kí ẹ ṣe àtúnṣe díẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ lè ṣí ojú rẹ̀ sínú fèrèsé lórí kọ̀ǹpútà kìíní.

1. Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fẹ́ máa wọ̀, tó bá jẹ́ Windows Pro, ẹ lọ sí Settings, System, Remote Desktop, kí ẹ tàn án. Windows Home kò lè gba àlejò báyìí, ó lè lọ ṣe àlejò níbòmíràn nìkan.
2. Tó bá jẹ́ Mac, Screen Sharing ló ń ṣe é, lábẹ́ System Settings, General, Sharing. Lórí Linux, ẹ lo xrdp tàbí VNC.
3. Ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù tó le sí àkáǹtì náà.
4. Ẹ so kọ̀ǹpútà méjèèjì mọ́ ráútà kan náà, wáyà ló sì dára jù.
5. Láti orí kọ̀ǹpútà kìíní, ẹ ṣí Remote Desktop Connection (bí ekejì bá jẹ́ Mac tàbí tó ń lo VNC, ètò VNC ni kí ẹ ṣí), kí ẹ kọ orúkọ tàbí àdírẹ́sì IP ekejì.
6. Ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà kejì pé kó má máa sùn, nítorí pé tó bá sùn, ẹ kò ní rí i wọ̀.

Ẹ má ṣí pọ́ọ̀tù 3389, tí Remote Desktop ń lò, sí íntánẹ́ẹ̀tì lára ráútà yín. Àwọn tó ń wá ilẹ̀kùn tí a kò tì wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Inú nẹ́tíwọ̀kì ilé nìkan ni kó mọ.

Ọ̀nà yìí kò dára fún géèmù, fún fídíò, tàbí fún iṣẹ́ àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Bí kọ̀ǹpútà kejì bá sì kọ̀ láti tàn, fèrèsé yẹn kò ní fi ohun tó ń ṣe é hàn yín.

## Ẹ má ṣi èyí mú: áàpù tó ń pín máòsì nìkan

Mouse Without Borders tó wà nínú PowerToys (àkójọ ètò ọ̀fẹ́ ti Microsoft), Deskflow, Input Leap àti Universal Control ti Apple: gbogbo wọn ń jẹ́ kí máòsì kan rìn láti ojú kọ̀ǹpútà kan bọ́ sí ojú ekejì. Wọ́n wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n wọn kì í pín mọ́nítọ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ojú tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé láptọ́ọ̀pù tí ẹ ṣí sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀, ó bá yín mu. Bí mọ́nítọ̀ kan ṣoṣo bá ni ẹ ní, ẹ ṣì nílò ọ̀nà kìíní fún àwòrán.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń dí wọn lọ́wọ́: firewall (ètò ààbò nẹ́tíwọ̀kì) tó ń dí pọ́ọ̀tù 24800 tí Deskflow àti Input Leap ń lò; Mac tí ẹ kò tíì fún ní ìyọ̀ǹda lábẹ́ Privacy & Security, Accessibility; àti kọ̀ǹpútà tí kò tíì wọ nẹ́tíwọ̀kì nígbà tó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Nítorí ìkẹta yìí, ẹ fi kíbọ́ọ̀dù oníwáyà kan pa mọ́ sítòsí.

Láptọ́ọ̀pù ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kí ẹ tó fi áàpù kankan sórí rẹ̀. Swíìṣì àti KVM kì í sábà nílò pé kí ẹ fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rọrùn fún irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì Bluetooth tó ní bọ́tìnnì 1, 2, 3 náà lè rọ́pò swíìṣì USB nínú ọ̀nà kìíní: ẹ so 1 mọ́ kọ̀ǹpútà kìíní, 2 mọ́ ekejì. Títẹ̀ á di mẹ́ta, kíbọ́ọ̀dù, máòsì, mọ́nítọ̀, Bluetooth kì í sì sábà ṣiṣẹ́ nínú BIOS.

## Bí láptọ́ọ̀pù bá wà lára wọn

Ẹ ó fẹ́ pa ìdérí rẹ̀ dé, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ lọ. Lórí Windows: Control Panel, Hardware and Sound, Power Options, Choose what closing the lid does, kí ẹ mú Do nothing lábẹ́ Plugged in nìkan. Ẹ má ṣe é lábẹ́ On battery, kó má baà máa gbóná nínú báàgì. Mac a máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìdérí pípadé bí ṣájà, mọ́nítọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì bá wà lára rẹ̀. Níbi tí swíìṣì ti mú kíbọ́ọ̀dù lọ sọ́dọ̀ ekejì, ó lè sùn. Bí tiyín bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìdérí sílẹ̀ díẹ̀.

## Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀, àti ìdí rẹ̀

Ojú dúdú lẹ́yìn yíyí. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Mọ́nítọ̀ àti kọ̀ǹpútà ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bí ó bá dúdú síbẹ̀, ẹ so kọ̀ǹpútà náà tààrà mọ́ mọ́nítọ̀ pẹ̀lú wáyà kan náà. Tó bá hàn, KVM ni. Tí kò bá hàn, wáyà tàbí ihò ni.

Àwòrán ń ṣẹ́jú tàbí ń lọ ń bọ̀. Ẹ dín Hz kù sí 60. Bó bá dúró, wáyà yín kò gbé èyí tó jù bẹ́ẹ̀.

Fèrèsé ń kóra jọ. Ọ̀rọ̀ EDID ni. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, System, Display, Multiple displays, kí ẹ fàmì sí Remember window locations based on monitor connection. Ó ń ran èèyàn lọ́wọ́, àmọ́ KVM tó ní EDID ló ń wò ó sàn.

Máòsì aláìníwáyà ń fà tìkọ̀. Ihò USB 3.0 máa ń pariwo lórí ìgbì 2.4 GHz tí dongle ń lò. Ẹ fi wáyà USB kúkúrú gbé dongle jìnnà sí swíìṣì, kó wà lórí tábìlì nítòsí ọwọ́ yín.

Kíbọ́ọ̀dù kò ṣiṣẹ́ nínú BIOS. Ẹ jẹ́ kí swíìṣì wà lórí kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó tàn án, kí ẹ má yí i láàárín. Bí kò bá ṣe é síbẹ̀, ẹ pa Fast Boot nínú BIOS, tàbí kí ẹ ki kíbọ́ọ̀dù tààrà sára kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ náà.

Kọ̀ǹpútà sùn, kíbọ́ọ̀dù kò jí i. Lórí Windows, ẹ ṣí Device Manager, Keyboards, ẹ tẹ kíbọ́ọ̀dù yín lẹ́ẹ̀mejì, Power Management, kí ẹ fàmì sí Allow this device to wake the computer. Àwọn swíìṣì kan kì í jẹ́ kí àmì jíjí kọjá. Nígbà náà, bọ́tìnnì ara kọ̀ǹpútà ni ẹ ó máa tẹ̀.

Ohùn ń jáde níbi tí kò yẹ. HDMI àti DisplayPort ń gbé ohùn lọ sí mọ́nítọ̀. Ẹ ki ẹ̀rọ ìgbọ́hùn etí (headphones) mọ́ ihò ohùn mọ́nítọ̀, ẹ ó máa gbọ́ kọ̀ǹpútà tó bá wà lójú.

Alt àti Command ti yí ipò padà lórí Mac. System Settings, Keyboard, Keyboard Shortcuts, Modifier Keys. Ẹ mú kíbọ́ọ̀dù náà lókè, kí ẹ pààrọ̀ Option àti Command. Mac nìkan ni àyípadà yìí kàn, kò ní dé Windows.

Fáìlì bàjẹ́ lórí dírááìfù. Ẹ má so dírááìfù tàbí fláàṣì mọ́ swíìṣì. Bí ẹ bá ṣe ń yí i ni ẹ ń fa dírááìfù náà yọ lára kọ̀ǹpútà láìsọ fún un, bó bá sì ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ohun tó ń kọ lè bàjẹ́. Dírááìfù, ẹ so ó tààrà mọ́ kọ̀ǹpútà tó ni ín.